Orí Ẹja Kì Í Ṣe Ti Àbúrò

Ajé, 26 Oṣù Karùn-ún 2025

Mo ti gbé Nathaniel dé Ọjà-Ọ̀dàn. Ọkọ̀ tí a wọ̀ láti ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Abẹ́òkúta bà jẹ́ nígbà tí a kọjá Ayétòrò, a sì jókòó sábẹ́ igi kan títí wọ́n fi tún un ṣe. Ẹsẹ̀ àwọn èèyàn tó ń kọjá ni Nathaniel ń wò. Àbúrò mi tó ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Faransé ní Ifọ́nyìntẹ́dó láti ọdún pípẹ́ wá ni mo wá ń di lọ́wọ́ mú sọdá títì bí ọmọ jẹ́léósinmi. Ẹkún gbọ̀n mí, ṣùgbọ́n mo gbé e mì. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ wà nítòsí, mi ò sì fẹ́ kó rí ohun tí yóò máa ròyìn ní gáréèjì.

Dókítà sọ pé oògùn náà kò gbọdọ̀ bọ́ sínú ikùn òfìfo. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, kó jẹun kánú kó tó lò ó. Ó ní, "Màmá, ọwọ́ ilé ìdáná yín ló kù sí báyìí." Ó fi ṣe àwàdà ni, ṣùgbọ́n kò pa mí lẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n Abọ́dúnrìn pè láti Ìlaròó kí ilẹ̀ tó ṣú. Òun ni àgbà wa, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ni abẹ gé e. Ó ní òun fún mi láyè títí àgbàdo tuntun yóò fi gbó. Tí ara Nathaniel kò bá yá nígbà náà, òun á wá gbé e lọ sórí òkè àdúrà. Mo mọ òkè náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń de èèyàn mọ́ òpó, wọn a fi ebi pa á, wọn a pè é ní ààwẹ̀. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n."

Ọjọ́bọ̀, 29 Oṣù Karùn-ún

Rọ́fíàt, nọ́ọ̀sì tó wà ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, ilé ìwòsàn àdúgbò wa, wá wò ó. Ọmọ dáadáa ni, àfi pé ó máa ń báni wí bí ẹni pé òun ló bíni. Ó ní kí n máa fún un ní ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, ẹ̀fọ́ àti ọsàn. Ó ní kó má jẹ obì, kó má mu kọfí, kó má tilẹ̀ gbọ́ òórùn ọtí, nítorí oorun rẹ̀. Mo bi í bóyá oúnjẹ ló wá ń wo wèrè báyìí.

"Ẹ má pè é bẹ́ẹ̀ mọ́, Màmá. Oúnjẹ kì í ṣe oògùn. Ṣùgbọ́n ọpọlọ tí ebi ń pa, kí ló fẹ́ fi oògùn ṣe?"

Ojú tì mí. Nígbà tó lọ, mo lọ ra ẹja àrọ̀ tó ṣì ń jà nínú bàsíà. Ó wọ́n bí ojú, mo rà á. Mo fi ewúro sè é, mo ro láfún. Mo ra abọ́ ike tuntun fún Nathaniel, aláwọ̀ ewé, tó ní ìdérí. Mo gbé orí ẹja náà sí i lódindi. Láyé Bàbá wa, Ẹ̀gbọ́n Abọ́dúnrìn nìkan ló ń jẹ orí ẹja. Èmi kò tọ́ ọ wò rí títí mo fi wọ ilé ọkọ. Mo dé abọ́ náà, mo gbé e fún un ní yàrá, mo ní, "Jẹun, ọmọ ìyá mi."

Ó jẹ láfún, ó tu ẹja díẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti bu tèmi.

Àìkú, 1 Oṣù Kẹfà

Àwọn ará ìjọ wa máa ń ya ọ̀dọ̀ mi mu omi lẹ́yìn ìsìn. Lónìí, gbogbo wọn ní ọ̀nà mìíràn láti gbà délé. Oníbàárà méjì ti wá gba aṣọ wọn láìrán. Wọ́n ní kò kánjú mọ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà níbẹ̀, ó ń wò mí, èmi náà ń wò ó.

Màmá Toheebat, aládùúgbò mi, ti ra àgbò Iléyá. Ó so ó mọ́ igi gúáfà tó wà láàárín ilé wa. Èèpo iṣu, èèpo ẹ̀wà, yangan, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kó fún un, àgbò yìí ń jẹun ju ìjòyè lọ. Nathaniel kì í kúrò lójú fèrèsé. Ó jọ pé ó fẹ́ràn rẹ̀, mo sì rò pé ó dára kó ní ohun tó ń wò.

Ẹtì, 6 Oṣù Kẹfà

Iléyá. Wọ́n pa àgbò náà kí oòrùn tó ga. Nathaniel dúró lójú fèrèsé títí wọ́n fi bó o tán.

Ọdọọdún ni Màmá Toheebat ń gbé ẹran wọlé fún mi fúnra rẹ̀. A ó jókòó, a ó jẹ ẹ́ ní gbígbóná, a ó sọ̀rọ̀ àwọn tí kò sí níbẹ̀. Lónìí, orí ọgbà ló ti nawọ́ sí mi. "Màmá Àbáyọ̀mí, ẹ gbà o. Ẹ kú ọdún." Mo gbà á, mo dúpẹ́. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà náà díẹ̀ bóyá yóò sọ nǹkan mìíràn. Ó ti wọlé lọ.

Mo sọ ẹran náà sínú ọbẹ̀ Nathaniel. Èmi kò lè jẹ ẹ́.

Ìṣẹ́gun, 10 Oṣù Kẹfà

Abọ́ aláwọ̀ ewé ń padà sọ́dọ̀ mi ní òfìfo, tí a fọ̀ mọ́ tónítóní. Ẹja lọ, ẹyin lọ, ẹ̀wà lọ. Mo ń yan fanda nínú ilé ìdáná bí ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ. Ó ń gbé oògùn rẹ̀ mì níwájú mi láìjanpata.

Kò fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ ṣá. Mo ní "Ẹ káàárọ̀, tíṣà," kó lè rẹ́rìn-ín. Ó wo ọwọ́ mi, kò wo ojú mi.

Ìṣẹ́gun, 17 Oṣù Kẹfà

Òjò láti òwúrọ̀. A lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, a rìn gba ẹ̀yìn ọjà kí àwọn èèyàn má baà máa wò wá.

Nathaniel ti fọn sí i. Rọ́fíàt gbé e sórí ìwọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá ìwọ̀n náà ló ń purọ́. Ó bi mí léèrè ohun tó ń jẹ. Mo kà á fún un, mo tilẹ̀ fi ẹja àrọ̀ yangàn. Ó ní oògùn tó ń bọ́ sínú òfìfo ló ń mú ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n bẹ́ẹ̀. Òfìfo kẹ̀? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a jà.

Ló bá yíjú sí mi. "Ẹ̀yin náà, ẹ gorí rẹ̀."

"Ta ló ń ṣàìsàn?"

"Ẹ sáà gorí rẹ̀, Màmá."

Mo gorí rẹ̀. Ó ka ìwọ̀n náà, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bi mí pé kí ni mo jẹ lánàá. Ẹ̀kọ tútù kan ni, mo sì dúró jẹ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, láìsí ọbẹ̀. Ta ni mo fẹ́ jókòó tì? Ọkọ mi ti kú, Àbáyọ̀mí ọmọ mi wà ní Kútọ̀nu, àbúrò mi ń jẹun nínú yàrá bí àlejò. Mi ò sọ ìyẹn fún Rọ́fíàt. Mo ní mo jẹ ẹ̀kọ.

Ọjọ́bọ̀, 19 Oṣù Kẹfà

Ẹ̀gbọ́n Abọ́dúnrìn pè. Ẹnìkan ti sọ fún un pé Nathaniel ti rù kan eegun. "Lábísí, àgbàdo ti ń yọmọ o." Ó ní òun ti ń gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti délé. Mo mọ̀ pé kò parọ́. Ohun tó jẹ́ kó ṣòro láti bá a jà nìyẹn.

Àbámẹ́ta, 21 Oṣù Kẹfà

Adìyẹ ló tú àṣírí. Mo jáde lọ já ewúro lẹ́yìn ilé ìdáná, mo bá wọn tí wọ́n ń jà lórí orí ẹja. Mo tú ilẹ̀ ibẹ̀. Orí ẹja, ẹyin tí a bó tí a kò gé jẹ, ẹran Iléyá tó ti rà. Ó ti sin gbogbo rẹ̀ síbẹ̀ bí ẹni ń sin òkú.

Orí mi gbóná. Mo kígbe mọ́ ọn, mo pè é ní aláìmoore, mo ní ebi ni mo fi ń pa ara mi kí ó lè jẹun. Ó ká jọ sí igun yàrá, ó di etí. Mo gbé abọ́ aláwọ̀ ewé náà sókè, mo là á mọ́lẹ̀. Ike ni, kò fọ́, ó kàn ń yí kiri nílẹ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo sunkún. Màmá Toheebat ń gbálẹ̀ lódìkejì ọgbà. Mo gbọ́ tí ìgbálẹ̀ náà dúró. Lẹ́yìn náà ó tún bẹ̀rẹ̀.

Àìkú, 22 Oṣù Kẹfà

Ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ ìyá ìjọ ní kí n lọ oògùn náà sínú ẹ̀kọ, kí n dé e, kó má mọ̀. Mo lọ ọ̀kan. Mo wo ìyẹ̀fun náà nínú ṣíbí, mo dà á nù. Bí ó bá rí i, ta ni yóò tún gbà gbọ́ láyé?

Ọjọ́rú, 25 Oṣù Kẹfà

Mo fẹ́ kọ èyí bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an.

Òjò ń rọ̀. Mo ń ro láfún, mo rí i tó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Kò wá síbẹ̀ rí láti ìgbà tó ti dé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ wo ni?"

"Ọjọ́rú ni."

"Mi ò bèèrè ìyẹn. Ọjọ́ wo lẹ máa pa mí?"

Omorogùn bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Nathaniel, ta ló sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún ọ?"

"Ẹja ni." Kò binú. Ohùn tí ó fi ń kọ́ àwọn ọmọ ló fi ń sọ̀rọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹni tí kò gbọ́ lè gbọ́. "Ìgbà wo ni àbúrò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ orí ẹja nílé wa? Ẹ ra abọ́ ọ̀tọ̀ fún mi. Ẹ ń dé e. Ẹ ń gbé e fún mi ní ibi tí mo wà, ẹ̀ ń dúró wò mí, ẹ̀yin kì í fi ẹnu kàn án. Mi ò tíì rí i kí ẹ jẹun láti ọjọ́ tí mo ti dé. Àgbò yẹn náà, wọ́n bọ́ ọ dáadáa. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn tó ń bọ́ ọ tó bá a jẹ."

Ohun tó sọ pé mò ń ṣe, mò ń ṣe é. Mo rò pé mo ń kẹ́ ẹ ni. Ẹ̀rù àìsàn rẹ̀ bà mí, mo ra abọ́ ọ̀tọ̀, mo wá pe ìbẹ̀rù náà ní ìkẹ́. Nílé tí a ti bí wa, ẹni tí wọ́n bá gbé orí ẹja fún láìtọ́ sí i yóò kọ́kọ́ bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Mo fa abọ́ táńganran Ìyá wa jáde láti abẹ́ pẹpẹ, èyí tí etí rẹ̀ ti hó. Mo kó gbogbo láfún náà sí i, mo da ọbẹ̀ lé e. Mo jókòó sórí àpótí. Mo fa orí ẹja sọ́dọ̀ ara mi, mo ti ìrù sí òdìkejì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Mi ò pè é. Ó dúró, ó ń wo ẹnu mi. Mo jẹ, mo jẹ, títí mo fi mọ̀ pé ebi ti ń pa mí tipẹ́.

Kò jókòó. Mo bo èyí tó kù, mo fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 26 Oṣù Kẹfà

Ó jókòó. Ó wò mí bí mo ṣe ń gbé òkèlè mì, ó wá fọwọ́. Òkèlè mẹ́ta, mẹ́rin, láti ẹ̀gbẹ́ ibi tí mo ti jẹ. Nígbà tí mo gbójú sókè, ó ti fi ọwọ́ òsì di etí abọ́ mú.

Kò sí ẹni tó sọ fún un. Òun ni àbíkẹ́yìn, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kékeré, òun ló ń di abọ́ mú kó má baà sún, òun ló sì ń lá ìṣẹ́kù. Mo sunkún sínú ọbẹ̀. Ó bi mí pé kí ló dé, mo ní ata ni.

"Ata ò pọ̀," ló wí.

Ọjọ́bọ̀, 3 Oṣù Keje

Mo gbọ́dọ̀ kọ òótọ́. Ó ṣì ń bá ẹni kan tí mi ò rí sọ̀rọ̀ lára ògiri, nígbà mìíràn ní Faransé. Oúnjẹ kò lé ẹni náà lọ. Ṣùgbọ́n ó ń sùn di òwúrọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n tó ti tẹ́lẹ̀, ó sì ń bá mi ṣa ẹ̀wà. Ó ń ṣa á ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀wà tí kò ṣe nǹkan kan ló ń jù nù. Mi ò bá a wí.

Owó tòmátì ti wálẹ̀ díẹ̀. Ẹyin kò wálẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 15 Oṣù Keje

Àwa méjèèjì ti wúwo sí i! Rọ́fíàt pàtẹ́wọ́ fún wa bí ọmọdé. Mo bi í bóyá ẹja ló fà á tàbí abọ́ tí a jọ ń jẹ nínú rẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀, kí n má ṣe fi ọ̀kankan sílẹ̀.

Nígbà tí a délé, mo fẹ́ sọ fún ẹnìkan. Mo pe Àbáyọ̀mí ní Kútọ̀nu, ó ní òun wà lẹ́nu iṣẹ́, òun á pè padà. Mo lọ sétí ọgbà. Màmá Toheebat ń sá aṣọ. Mo ní, "Ó ti sanra díẹ̀ o." Ó ní, "Ọlọ́run á ṣe é," ó gbé bàsíà rẹ̀ wọlé, aṣọ rẹ̀ kò tíì tán. Bó ṣe rí nìyẹn. Mo wọlé sọ ọ́ fún ẹ̀rọ ìránṣọ mi.

Àbámẹ́ta, 26 Oṣù Keje

Àgbàdo ti gbó. Ẹ̀gbọ́n Abọ́dúnrìn sì dé.

Ọkọ̀ bọ́ọ̀sì ló gbé wá, pẹ̀lú ọkùnrin méjì láti òkè àdúrà. Ọ̀kan nínú wọn mú okùn dání, ó gbé e pamọ́ sẹ́yìn bí ẹni pé a ò ní rí i. Ọ̀sán ni, a wà nídìí abọ́ lábẹ́ àtíbàbà ilé ìdáná. Mo ti fa orí ẹja sọ́dọ̀ mi, mi ò tíì fọwọ́ kàn án.

Nathaniel rí wọn. Mo rò pé yóò sá. Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú ọbẹ̀ lọ́wọ́. "Ẹ káàbọ̀, Ẹ̀gbọ́n."

Ààwẹ̀ ti jẹ Ẹ̀gbọ́n wa, kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ń fò lọ́rùn. Mi ò mọ̀ pé ó ti rí bẹ́ẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, bẹ́ẹ̀ mo ti múra láti bá a jà.

Nathaniel padà jókòó. Ó fi ìka ti orí ẹja kúrò níwájú mi, ó tì í yípo abọ́ náà títí ó fi kọjú sí ibi tí Ẹ̀gbọ́n dúró sí. Ó di etí abọ́ mú. "Àgbà ti dé. Tiyín nìyí."

"Mo ń gbààwẹ̀ nítorí rẹ, Nathaniel."

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹun. Àwa tí a wà nílé yìí ti rù tó."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín, ìbẹ̀rù ni kò jẹ́. Ẹ̀gbọ́n Abọ́dúnrìn wo abọ́ náà pẹ́. Ó mọ̀ ọ́n. Òun náà ti jẹ nínú rẹ̀ kí eyín iwájú rẹ̀ tó yọ. Ó wo ọwọ́ òsì Nathaniel tó wà létí rẹ̀, ó wo ẹran ara tó ti padà sí ọrùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi.

"Lábísí, bá mi wá ewé."

Mo sáré já ewé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú orí ẹja náà, ó fi ewé pọ́n ọn. "N ó fi ṣínu nírọ̀lẹ́." Ó ní kí àwọn ọkùnrin náà yí ọkọ̀ padà. Ẹni tó mú okùn dání fẹ́ sọ̀rọ̀, ó wo ojú àgbà, ó dákẹ́. Kí Ẹ̀gbọ́n tó wọ ọkọ̀ ó ní, "A ó tún wò ó tí àgbàdo kejì bá gbó." Kò fi ara mọ́ mi, kò sì bá mi wí. Ó di ewé náà mú ní ọwọ́ méjèèjì bí wọ́n ṣe lọ.

Nathaniel jẹ ìṣẹ́kù tán. Èmi kò lè jẹ mọ́.

Àbámẹ́ta, 16 Oṣù Kẹjọ

Mo lọ sí Ìlaròó láti àárọ̀ lọ ra òwú àti bọ́tìnnì. Oníbàárà kan ti padà, ó fẹ́ kí n rán aṣọ ìyàwó rẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo. Òjò dá mi dúró ní gáréèjì, ọkàn mi kò balẹ̀ lójú ọ̀nà, nítorí mi ò se nǹkan kan sílẹ̀ ju ẹ̀kọ àárọ̀ lọ. Oògùn ìrọ̀lẹ́ ń bọ̀, ikùn rẹ̀ á ti di òfìfo. Ọlọ́kadà tó gbé mi ní òun ò ní wọ àdúgbò wa, ó já mi sílẹ̀ lẹ́bàá títì. Mo fi ẹsẹ̀ rìn ìyókù nínú ẹrẹ̀.

Mo gbọ́ òórùn jíjó kí n tó wọlé. Ó ti se ẹ̀wà. Ó wà nínú abọ́ Ìyá wa, ó ti tutù, kò sí ojú ìka kankan lórí rẹ̀. Nathaniel jókòó tì í, oògùn rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ìdérí ife, kò tíì lò ó.

Mo ní, "Kí ló dé tí o ò jẹun? Ebi ò pa ọ́?"

"Ó ń pa mí."

"Kí lo wá ń dúró dè?"

Ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ kúrò létí abọ́, ó wò ó, ó tún dá a padà síbẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ta ni kí n máa di abọ́ mú fún?"

Mo jókòó pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, mi ò bọ́ gèlè. Ẹ̀wà náà jó nísàlẹ̀, kò sì fi iyọ̀ sí i. A jẹ ẹ́. Ó lo oògùn rẹ̀. Èyí tó kù nísàlẹ̀ abọ́, mo fi sílẹ̀ fún un.